Ife Kò Ní Lébẹ́ẹ̀lì: Ta Ló Ń Ṣọ́ Ọtí Tí Wọ́n Ń Tà Fún Ọmọdé Nílẹ̀ Ẹ̀gbá?

Láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ ọtí inú ọ̀rá ti gba orí rédíò àti ìwé ìròyìn, Àbújá ni gbogbo ẹnu ń pè. Àwọn kan ní kí wọ́n fòfin dè é. Àwọn kan ní kí wọ́n má ṣe bẹ́ẹ̀. Ní tiwa, kí ọ̀rá máa lọ, a ò ní sunkún rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí a kò tíì gbọ́ lẹ́nu àwọn tó ń pariwo: bí ọ̀rá bá lọ lónìí, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún tó fẹ́ mutí ní Abẹ́òkúta yóò rí ọtí mu kí ilẹ̀ tó ṣú. Agbára láti dá ẹni tó ń tà á fún un lẹ́kun wà lọ́wọ́ kánsù tiwa níhìn-ín, kánsù sì ń sùn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí ọmọ náà ń mu, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń mu ún láìmọ bó ṣe le tó.

Oríṣi ọtí àpòpọ̀ méjì ló wà nígboro. Èkíní ni èyí tí ilé iṣẹ́ ti pò kí wọ́n tó de ìgò. Star Radler, bíà tí wọ́n fi omi ọsàn là, wà nínú èyí. Kò le tó bíà lásán. Orijin tí Guinness Nigeria gbé jáde ní 2013, tó ní adùn ewé àti egbò, jẹ́ 6%. Ìyẹn ni pé nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ohun tó wà nínú ìgò, mẹ́fà jẹ́ ògidì ọtí. Ó fi díẹ̀ le ju bíà tí a mọ̀, bíi Star àti Trophy, tí wọ́n wà ní nǹkan bíi 5%. Lẹ́yìn Orijin yìí, Orijin Bitters jáde, ọtí líle gan-an nìyẹn. Orijin Zero náà jáde, kò sì sí ọtí nínú tiẹ̀ rárá. Orúkọ kan, ohun mímu mẹ́ta. Ọmọ ọdún mẹ́wàá lè mu Zero níbi ọjọ́ ìbí, kò sí ẹni tó máa bá a wí. Ṣùgbọ́n orúkọ tó ti mọ̀ láti kékeré ni yóò tún bá lára ìgò bitters nígbà tó bá pé mẹ́rìndínlógún. Ìpolówó ọjà nìyẹn, ó sì mọ́gbọ́n dání fún ẹni tó ń tajà. Fún òbí, ọ̀rọ̀ mìíràn ni.

Oríṣi kejì ni èyí tí wọ́n ń pò lójú ẹni. A da bíà sínú ife, a já ọ̀rá jín-ín-nì kan tàbí méjì lé e. Tàbí a da ọtí líle mọ́ ohun mímu tó ń lé oorun lọ. Tàbí ìyá oníparaga bu egbò, epo igi àti ògógóró pọ̀ gẹ́gẹ́ bí oníbàárà ṣe fẹ́. Èyí la mọ̀ jù ní Camp, ní Ìṣólú, ní Òkè-Ìlewó àti létí gáréèjì Kútọ̀ àti Láfẹ́nwá.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò díẹ̀, ó ṣe tán akẹ́kọ̀ọ́ ni wá. Ìgò bíà ńlá kan jẹ́ 60cl. Bó bá jẹ́ 5%, ògidì ọtí inú rẹ̀ jẹ́ mílílítà 30. Ọ̀rá ọtí líle kan tó jẹ́ mílílítà 30, bí agbára rẹ̀ bá jẹ́ 43%, ògidì ọtí inú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílílítà 13. Da ọ̀rá méjì sínú bíà kan. O ti ní nǹkan bíi mílílítà 56 ògidì ọtí nínú ohun mímu tí kò ju 66cl lọ. Agbára rẹ̀ ti di 8.5%. Ó ti le ju Guinness dúdú tí gbogbo ayé ń pè ní ọtí àgbà, tí òun jẹ́ 7.5%. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn àgbà oníṣègùn ìjọba sọ ní 2016 pé kí àgbàlagbà má ṣe mu ju mílílítà 140 ògidì ọtí lọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ife kan ṣoṣo yìí ti gba ìdá méjì nínú márùn-ún rẹ̀, àgbàlagbà ni wọ́n sì ń bá sọ̀rọ̀. Wọn ò bá ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún tí ara rẹ̀ ṣì ń dàgbà, tí ọpọlọ rẹ̀ ṣì ń gbó, sọ̀rọ̀ rárá.

Bó bá jẹ́ ohun mímu tó ń lé oorun lọ ni wọ́n fi pò ó, ó tún burú sí i. Káfíìnì inú rẹ̀ kì í dín agbára ọtí kù. Ojú ló máa ń là sílẹ̀, kí amutí má mọ̀ pé òun ti yó. Ẹni tí kò mọ̀ pé òun ti yó, yóò ní kí wọ́n tún bu òmíràn wá. Ó tún lè gun ọ̀kadà.

Ọ̀rọ̀ wa gan-an ló dé yìí. Ìgò ní lébẹ́ẹ̀lì. Ọ̀rá pàápàá ní lébẹ́ẹ̀lì: nọ́ńbà NAFDAC wà níbẹ̀, ìdá ọtí wà níbẹ̀, 18+ wà níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé lẹ́tà rẹ̀ kéré bí ẹyin èèrà. Ṣùgbọ́n ife kò ní lébẹ́ẹ̀lì. Iṣẹ́ NAFDAC parí síbi ìdérí. Bí wọ́n bá ti ṣí ìgò, tí wọ́n já ọ̀rá, tí wọ́n pò ó, kò sí òṣìṣẹ́ Àbújá kankan tó lè mọ ohun tó wà nínú ife tàbí ọjọ́ orí ẹni tó gbé e mu. Ẹni kan ṣoṣo ló mọ̀ ọ́n, òun ni ẹni tó tà á.

Ta wá ni àṣẹ lórí ẹni tó ń tà á? Ẹ ṣí ìwé òfin orílẹ̀-èdè yìí ti 1999, ẹ lọ sí àfikún kẹrin níbi tí wọ́n ti ka iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Nínú àwọn iṣẹ́ náà, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìjọba ìbílẹ̀ ló ń fúnni níwèé àṣẹ láti ta ọtí, òun ló sì ń ṣètò, tó ń ṣàkóso ọtí títà. Kì í ṣe NAFDAC, kì í ṣe Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà. Kánsù ni. Nílẹ̀ Ẹ̀gbá, ìyẹn ni Àríwá Abẹ́òkúta, Gúúsù Abẹ́òkúta, Ọ̀dẹ̀dá, Ọbáfẹ́mi-Owódé, Ẹ̀wẹ́kọró àti Ifọ̀. Kánsù tó ń rán ènìyàn wá gba owó tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ ìyá aláta lójoojúmọ́, kò lè ní òun ò mọ ọ̀nà ilé ọtí.

Wọn ò sì lè sọ pé kò sí owó mọ́. Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje, 2024, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ dájọ́ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ sọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀ tààrà. Ẹni tó bá gba owó, kó ṣe iṣẹ́ owó.

Nípa ọjọ́ orí, kò sí iyè méjì. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003 ní ẹni tí kò bá tíì pé ọdún méjìdínlógún, ọmọdé ni. Ìpínlẹ̀ Ògùn sì ti ṣe òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé tirẹ̀ láti 2006. Àwọn tó ń ṣe ọtí fúnra wọn ń tẹ 18+ sára ìgò. Gbogbo wa la gbà pé méjìdínlógún ni. Ẹni tí yóò dúró lẹ́nu ọ̀nà ni kò sí.

Nínú ìwádìí tí NAFDAC gbé fún àwọn aṣèwádìí ní 2021, ìdá 54.3 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ọmọ tí kò tíì pé méjìdínlógún tí wọ́n bi ní ìbéèrè ló sọ pé àwọn máa ń fi ọwọ́ ara àwọn ra ọtí. Ọwọ́ ara wọn o! Wọn ò jí i nínú àpótí bàbá wọn. Owó ni wọ́n san, ẹnìkan sì nawọ́ gbà á.

Àwọn ọmọ wo la ń sọ? Ẹ̀yin ará, ẹ má wo ọ̀nà jíjìn. Ìjọba ní ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún lè wọ yunifásítì. Nítorí náà, ọdọọdún ni àwọn ọmọdé, ọmọdé lójú òfin, ń wọ ìpele àkọ́kọ́ ní Àlàbátà, ní Òṣíẹ̀lẹ̀ àti ní àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga yòókù tó yí wa ká. Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n bá dé la máa ń ṣe àríyá ìkínikáàbọ̀ fún wọn. Ta ló ń dáwó àríyá náà? Kí ló máa ń wà nínú kúlà? Ta ló ń bi ẹni tó nawọ́ gba ife pé ọmọ ọdún mélòó ni? Àwa tí a ń pariwo pé kí ìjọba dáàbò bo ọmọdé, àwa kan náà la ń ya páńpẹ́ẹ̀tì pé ọtí ọ̀fẹ́ wà fún jambite. Ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ń fi ọtí ọ̀fẹ́ kí ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún káàbọ̀ kò yàtọ̀ sí olùtajà tó ń ta ọ̀rá fún un. Olùtajà tilẹ̀ sàn, ó ń jẹun lórí rẹ̀.

A ti ń gbọ́ èsì àwọn kan báyìí. Ẹ jẹ́ ká dá wọn lóhùn níkọ̀ọ̀kan.

Wọ́n ní àṣà wa ni. Wọ́n ní a máa ń fi ọtí sọmọ lórúkọ, a máa ń rán ọmọ lọ ra bíà fún bàbá, kí wá ni tuntun? Òótọ́ ni pé ọtí wà nínú àwo ìsọmọlórúkọ. Ṣùgbọ́n ta ló gbé e? Àgbà ló gbé e. Ó tọ́ ọ wò tàbí kó fi kan ọmọ létè, ó wúre, ó gbé e kúrò. Nídìí ẹmu bàbá wa, agbọ́tí wà, ètò sì wà: ó mọ ẹni tó kàn, ó mọ ẹni tó ti tó fún. Àṣà tí à ń pè ní àṣà yìí, ìṣọ́ ló wà nínú rẹ̀ látòkè délẹ̀. Ohun tó wà ní Camp láago mọ́kànlá alẹ́ kò ní agbọ́tí, kò ní àgbà, kò sì ní ìwúre kankan. Ẹ má fi orúkọ bàbá wa bo olówò mọ́lẹ̀. Ní ti rírán ọmọ lọ ra bíà, ká sọ òótọ́ síra wa, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọmọ ti kọ́ ọ̀nà ilé ọtí. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Bàbá tó bá fẹ́ bíà, kó dìde lọ rà á.

Wọ́n ní a fẹ́ ba oúnjẹ ìyá oníparaga jẹ́. Ọ̀rọ̀ yìí wúwo, a ò ní fi ṣeré, nítorí owó irú ọjà bẹ́ẹ̀ ló rán ẹlòmíràn nínú wa wá sílé ìwé. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí à ń béèrè. A ò ní kí ó má tà á mọ́. A ní kí ó má tà á fún ọmọdé. Ìyá oníparaga tí iye ọjà tó ń tà fún ọmọdé bá pọ̀ débi pé, bó bá fi wọ́n sílẹ̀, ọjà rẹ̀ yóò kú, ìyẹn gan-an ni ẹ̀rí tí a nílò. Bí gbogbo ilé ọtí lójú títì kan bá sì ń pa òfin kan náà mọ́, kò sí ẹni tí yóò gba oníbàárà ẹnìkejì rẹ̀. Ibi tí òfin ti mú ẹnìkan tó fi ẹnìkan sílẹ̀ ni ọjà ti máa ń bàjẹ́.

Wọ́n ní kí ọ̀rá sáà lọ, gbogbo rẹ̀ yóò yanjú. Ẹ wò ó. Oṣù Kejìlá 2018 ni ilé iṣẹ́ ìlera, NAFDAC, àjọ tó ń dáàbò bo oníbàárà àti ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣe ọtí jọ tọwọ́ bọ̀wé pé ọ̀rá yóò dópin ní ọjọ́ 31 oṣù Kìíní 2024. Ọjọ́ pé. NAFDAC bẹ̀rẹ̀ sí í ti ibi iṣẹ́ pa. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé ọtí fẹ̀hónú hàn, Ilé Aṣojú-ṣòfin dá sí i, wọ́n sún un di ìparí 2025. Ìparí 2025 súnmọ́ tòsí, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà ní kí wọ́n má tún sún un mọ́, síbẹ̀ nínú oṣù Kejìlá ìjọba àpapọ̀ tún ní kí wọ́n dáwọ́ dúró. Ọmọ tó wà ní JSS1 nígbà tí wọ́n tọwọ́ bọ̀wé ní 2018 ti di ọmọ yunifásítì báyìí. Ẹni tó bá ń dúró de Àbújá kó tó ti ilẹ̀kùn ilé rẹ̀, olè ti kó o tán.

Ká tilẹ̀ ní ọ̀rá lọ, ọtí kò ní tẹ̀ lé e. Ẹ wo Jámánì. Níbẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún lè ra bíà, ṣùgbọ́n ọtí líle àti àpòpọ̀ tó bá ní ọtí líle nínú di ọdún méjìdínlógún. Ní 2004, wọ́n bu owó orí pàtàkì lé àpòpọ̀ ọtí líle, nítorí àwọn ọ̀dọ́ ti ń mu ún jù. Kí làwọn ilé iṣẹ́ kan ṣe? Wọ́n yọ ọtí líle kúrò nínú àpòpọ̀ wọn, wọ́n fi bíà tàbí wáìnì dípò rẹ̀, wọ́n sì ń bá ọjà wọn lọ. Bí a bá ti ojú ihò kan pa, eku yóò gba ibòmíràn yọ. Nítorí náà, ojú ẹni tó ń tajà ló yẹ kí òfin wà.

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ wà ní Peckham àti káàkiri London, ẹ̀yin lè jẹ́rìí. Lábẹ́ òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti 2003 lórí ọtí títà, ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n bá ká mọ́ ibi tó ti ń ta ọtí fún ọmọdé lẹ́ẹ̀mejì láàárín oṣù mẹ́ta lè rí ìwé àṣẹ rẹ̀ tí wọ́n dá dúró. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó ti lé lógún ọdún, tó ti ní irùngbọ̀n, ṣì fi ń fi káàdì hàn kí wọ́n tó ta bíà fún un. Ọmọ Yorùbá pọ̀ nínú àwọn tó ń ta ọjà nínú àwọn ṣọ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ń pa òfin náà mọ́ dáadáa. Èyí fi hàn pé bí ìyà bá wà fún ẹni tó bá ṣẹ̀, ẹnikẹ́ni nínú wa lè pa á mọ́.

Bí ẹnìkan bá sì ní apá ilẹ̀ Ẹ̀gbá kò lè ká ọ̀rọ̀ ọtí, kó ka ìtàn. Láti 1898 títí di 1914, ilẹ̀ Ẹ̀gbá ní ìjọba tirẹ̀, Ìjọba Ìṣọ̀kan Ẹ̀gbá. Ìjọba náà ń gba owó bodè, ti ọtí òyìnbó wà lára rẹ̀. Wọ́n mọ iye ọtí tó wọlé, wọ́n mọ ẹni tó gbé e. Títí di 1949, àwọn obìnrin ọjà Abẹ́òkúta, tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti jẹ́ aṣáájú fún, dìde sí owó orí títí Aláké fi kúrò lórí ìtẹ́ nígbà náà. Àwọn obìnrin ọjà yẹn kò dúró de Èkó kó bá wọn yanjú rẹ̀. Ìlú tó ti ṣe irú ìyẹn kò lè ní òun ò mọ bí wọ́n ṣe ń bi ọmọ pé, "Ọmọ ọdún mélòó ni ẹ́?"

Nítorí náà, ohun tí à ń béèrè rèé.

Àkọ́kọ́, kí àwọn kánsù mẹ́fẹ̀ẹ̀fà fún gbogbo ẹni tó ń ta ọtí, láti òtẹ́ẹ̀lì dé orí àtẹ paraga, ní ìwé àṣẹ tí owó rẹ̀ kò ní pọ̀ ju agbára wọn lọ. Kí a kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé kò gbọdọ̀ tà fún ẹni tí kò tíì pé méjìdínlógún. Ẹ̀ṣẹ̀ àkọ́kọ́, ìkìlọ̀. Ẹlẹ́ẹ̀kejì, kí ìwé àṣẹ sinmi fún oṣù mẹ́ta. Kí ìyáálọ́jà àti àwọn aṣáájú ẹgbẹ́ olùtajà wà nínú ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹjọ́ náà, kó má baà di ọ̀nà àtijẹ fún àwọn agbowó kánsù.

Èkejì, kí ilé ọtí tó bá ń pò ọtí fún oníbàárà kọ ohun tó wà nínú ife sára pátákó: ìgò mélòó, ọ̀rá mélòó, ìdá mélòó. Ṣọ́ọ̀kì lásán ti tó kọ ọ́. Kí àwọn ilé iṣẹ́ sì tẹ ìdá ọtí síwájú ìgò ní nọ́ńbà tí a lè kà láìfi ìgò kan imú.

Ẹ̀kẹta, tiwa ni. Kí ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ kankan má gba owó tàbí páálí ọtí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni fún àríyá àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n tó jáde, tí ẹ máa ń fi owó ránṣẹ́ fún irú àríyá bẹ́ẹ̀, ẹ kọ ọ́ sára owó náà pé oúnjẹ àti orin ni ẹ fi rán wa. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.

A mọ̀ pé àwọn kan nínú yín yóò kà á, wọn yóò ní, "Àwọn wòlíì tún ti dé." A kì í ṣe wòlíì. Àwọn tó ń mu bíà wà nínú àwa tí a kọ èyí, àwọn tí ẹnu wọn kò kàn án rí wà níbẹ̀, Mùsùlùmí wà, Kìrìsìtẹ́nì wà. Ẹni tó bá ti pé méjìdínlógún, tó mọ ohun tó wà nínú ife rẹ̀, kó mu ún bó ṣe wù ú. Ọ̀rọ̀ òun àti orí rẹ̀ nìyẹn. Ẹni tí kò tíì pé, tí kò sì mọ̀, ọ̀rọ̀ gbogbo wa ni. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́.

Ìwé wa sí àwọn alága kánsù mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ti wà nílẹ̀. Ọ̀dẹ̀dá la ó kọ́kọ́ gbé e lọ, nítorí abẹ́ rẹ̀ ni Camp àti Àlàbátà wà. Ẹ wá fọwọ́ sí i.